Ọmọ oṣù 8 tí kò gba kókó lẹ́nu: báwo la ṣe ń mú ọmọ kúrò lórí oúnjẹ lílọ̀?

Ìyá Tire, Adó-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Ọmọ mi obìnrin ti lé díẹ̀ ní oṣù 8. Ọmú nìkan ló mu títí ó fi pé oṣù 6, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ ògì, ànàmọ́ àti ẹ̀wà bíbó, tí mo máa ń fi bùlẹ́ńdà lọ̀ títí á fi jọ̀lọ̀. Ó ń jẹ gbogbo rẹ̀, kò yọ mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tí kókó kékeré bá ti kan ahọ́n rẹ̀ báyìí, á tu gbogbo rẹ̀ dànù, tàbí kó ṣe bí ẹni tó fẹ́ bì. Eyín 2 ló ní, nísàlẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n má dà á láàmú, kí n jẹ́ kí eyín òkè yọ ná. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní mo ti ń pẹ́ jù. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Iná kì í sì í sábà sí ládùúgbò wa láàárọ̀, ọlọ ni mo ń lò. Apá ń ro mí.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá Tire. Ẹ má dúró de eyín o. Táyé tèmi kò ní ju eyín 4 lọ nígbà tó pé ọdún 1, kò sì sí ohun tí a sè nílé tí kò bá wa jẹ. Èrìgì ọmọ le. Ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa kẹ́ ẹ fi ìka kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Eyín iwájú tí ẹ ń retí yẹn, gígé oúnjẹ ni iṣẹ́ tiẹ̀. Èyí tí a fi ń lọ oúnjẹ, eyín ẹ̀yìn ni, ìyẹn kì í sì í sábà dé àfi lẹ́yìn ọdún 1. Ẹni tó bá ní òun ń dúró de ìyẹn, kó yáa lọ ra bùlẹ́ńdà kejì pamọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo ṣe tèmi. Ògì ni mo kọ́kọ́ jẹ́ kó ki, débi pé tí mo bá da ṣíbí dojú dé, kì í tètè já bọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbé bùlẹ́ńdà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo mú fọ́ọ̀kì. Màá lọ apá kan ànàmọ́ kó jọ̀lọ̀, màá fi fọ́ọ̀kì tẹ apá kejì, màá wá pò ó pọ̀. Bọ́jọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, mò ń dín lílọ̀ kù, mò ń fi kún títẹ̀. Àwọn ọmọ náà ò mọ ọjọ́ tí bùlẹ́ńdà kúrò ńlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìlawẹ̀

Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí a máa ń sọ fún àwọn ìyá lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ wá wọ̀n kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, ní kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tó bá pé oṣù 6, kí ọmú sì máa bá a lọ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Tó bá fi máa tó bí oṣù 8, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú oúnjẹ rírọ̀ sẹ́nu. Tó bá di ọdún 1, ohun tí ilé ń jẹ ni wọ́n lè máa bá ilé jẹ. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ni pé ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kò bá kan oúnjẹ tó ní kókó títí ó fi kọjá oṣù 10, ó ṣeé ṣe kí bíbọ́ rẹ̀ di wàhálà tó bá yá. Nítorí náà, ẹ kò tíì pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi falẹ̀.

Ikùn ọmọ kéré. Ògì tó ń ṣàn, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ á yó, ara rẹ̀ kò ní rí nǹkan gidi mú. Èròjà irin tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ náà á ti máa lọ sílẹ̀ nígbà tó bá pé oṣù 6, ògì nìkan kò sì lè dá a padà. Ẹja, ẹyin, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀wà ló lè ṣe é.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìyá kì í fojú sí. Ẹ má da hóró ẹ̀wà sínú ògì ṣíṣàn kẹ́ ẹ ní ẹ ti ń kọ́ ọ. Omi á ti kọjá lọ́fun, ẹ̀wà á ṣì kù lórí ahọ́n, ẹ̀rù á ba ọmọ, ẹ̀yìn ìyẹn kò ní fẹ́ ẹ mọ́. Kí oúnjẹ náà ki bákan náà láti òkè délẹ̀, kí kókó inú rẹ̀ sì rọ̀ débi pé ẹ lè fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Ìyá Tire, Adó-Èkìtì

Ẹ ṣeun gan-an. Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí oúnjẹ má lọ há a lọ́fun. Tó bá ti ṣe "ọ́ọ̀gì" báyìí, àyà mi á já, màá sì ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti yọ ọ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó léwu?

Nọ́ọ̀sì Ìlawẹ̀

Ẹ fetí sí ariwo. Ọmọ tó ń wúkọ́, tó ń ṣe bí ẹni fẹ́ bì, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó sì ń ké, èémí ṣì ń wọlé, ó ń jáde. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ti oúnjẹ náà padà síwájú. Lẹ́nu ọmọ kékeré, ibi tó ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀ sún mọ́ iwájú ahọ́n. Bó bá ṣe ń jẹun sí i ni ibẹ̀ ń sún sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dẹwọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ jókòó tì í, ẹ má pariwo, ẹ má sì fi ìka wá oúnjẹ tí ẹ kò rí lẹ́nu rẹ̀, torí ìka lè tì í wọlé sí i.

Èyí tó léwu kì í pariwo. Ọmọ kò ní lè ké, kò ní lè wúkọ́, ètè rẹ̀ á máa dúdú bí aró. Ẹ ké sí ará ilé. Ẹ da ọmọ dojú bolẹ̀ sórí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìdí lọ, ẹ di àgbọ̀n rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì nígbà 5. Tí kò bá jáde, ẹ yí i padà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 5, nísàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí orí ọmú méjèèjì wà. Ẹ máa ṣe méjèèjì tẹ̀lé ara wọn bí wọ́n ṣe ń gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 ni mò ń sọ o, ti àgbà yàtọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi bèbí hàn yín ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, ojú ló ń mọ̀ ọ́n ju kíkà lọ.

Kí ọmọ jókòó ṣánṣán tó bá ń jẹun. Kò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ máa jẹun lẹ́yìn ìyá tó pọ̀n ọ́n. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀, àmọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn yín, ẹ kò rí ojú rẹ̀.

Yèyé Ọ̀mùò

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ kú làákàyè. Nígbà tiwa, a kì í bi ọmọ léèrè bóyá ó fẹ́. A ó tẹ́ ẹ sórí itan, a ó ká àtẹ́lẹwọ́ sẹ́nu rẹ̀, a ó sì rọ ọ́ ní ẹ̀kọ. Ó ń ké, ó ń gbé e mì. Gbogbo wọn ló dàgbà, ọ̀kan wà ní Amẹ́ríkà báyìí tó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ fóònù yìí.

Ìyá Tire, ìyá ọkọ rẹ kò fi ibi sí i. Ohun tó bá lọ́wọ́ àwọn ìyá tiẹ̀ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, kókó ò ṣàjèjì sí wa. Tí ọmọ bá ti ń jókòó dáadáa, ẹbẹ la fi ń fà á kúrò nídìí ẹ̀kọ. Iṣu tí a sè títí tó fi ń fọ́ fúnra rẹ̀, epo pupa díẹ̀, ẹja gbígbẹ tí a gún kúnná. Ẹ̀yìn ṣíbí la fi ń tẹ̀ ẹ́. Ta ló ní bùlẹ́ńdà ní Ọ̀mùò nígbà yẹn?

Nọ́ọ̀sì Ìlawẹ̀

Màmá, ẹ ṣeun o. Ẹbẹ yẹn gan-an ni mo ń bọ̀ wá sọ, epo pupa inú rẹ̀ náà ní fítámì A tó dára fún ojú ọmọ. Ti rírọ nìkan ni kí ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi jì mí. Ọmọ tó ń ké tí a ń da oúnjẹ sí lẹ́nu lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, a sì ti gba irú wọn ní wọ́ọ̀dù. Bí kò bá tilẹ̀ fà á, gbígbé mì nìkan ló ń kọ́, kì í kọ́ jíjẹ. Òun náà á sì mọ àwokòtò oúnjẹ ní ọ̀tá rẹ̀.

Yèyé Ọ̀mùò

Mo gbọ́, Nọ́ọ̀sì. Oúnjẹ ò pọ̀ nígbà náà, a ò fẹ́ kó ṣòfò ni.

Bàbá Ìfàkì

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Èkìtì là ń sọ látàárọ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ iyán! Ọmọ mi ọkùnrin pé oṣù 9, iyán tó tó orí ìka ni mo fi ń bọ ọbẹ̀ fún un, ó sì ń gbé e mì wẹ́ẹ́. Ṣé kì í ṣe pé tèmi ti kọjá orí kókó nìyẹn?

Ìyá Olóúnjẹ, Ìjerò

Bàbá Ìfàkì, ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ máa ń rún iyán lẹ́nu ni àbí ẹ̀ ń gbé e mì? Ohun tí ọmọ yín ń ṣe náà nìyẹn. Iyán, ẹ̀bà, àmàlà, kò sí èyí tó ń kọ́ ọmọ ní rírún nínú wọn, kódà bó jẹ gbogbo odó tán. Iyán tún máa ń fà, ó máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, òkèlè tó bá sì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ lè dí ọ̀nà ọ̀fun. Tí ẹ bá máa fún un, kó jẹ́ bíńtín, kó rọ̀, kí ọbẹ̀ ilá tàbí ewédú gbé e, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó di bí ọdún 1 kó tó di oúnjẹ rẹ̀ gangan. Ṣùgbọ́n iṣu tí ẹ fẹ́ fi gún un yẹn, ẹ gé díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìkòkò, ẹ jẹ́ kó sè gan-an, ẹ gé e gígùn bí ìka àgbà, kẹ́ ẹ kó o síwájú ọmọ. Á gbá a mú, á máa fi èrìgì rún un. Níbẹ̀ ló ti ń kọ́ nǹkan.

Mo ń ta oúnjẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tú àpò mi. Lójú tèmi, mọ́ínmọ́ín ni ọba lẹ́yìn ògì. Ó dúró lọ́wọ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ló sì ń fọ́ tí èrìgì bá ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ bó ẹ̀wà yín mọ́, ẹ má fi ata bí ti àgbà sí i, ẹ fọ́ ẹyin sí i tàbí kẹ́ ẹ fi ẹja tí a ti mú egungun kúrò sí i, kẹ́ ẹ pọ́n ọn sínú ewé. Tòmátò tí ẹ lọ̀ mọ́ ọn kì í ṣe fún àwọ̀ nìkan: fítámì C inú rẹ̀ máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ẹ̀wà.

Ẹni tó bá rí ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ̀ rà, kó se é kó rọ̀, kó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́, kó má lọ̀ ọ́. Ẹ ṣà á dáadáa o! Òkúta tó bá bọ́ sí ẹ lẹ́nu tó dun ẹ, rò ó wò lẹ́nu ọmọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n, tí a sè, kò nílò ọbẹ̀ kankan. Píà àti ìbẹ́pẹ pípọ́n, ẹ kàn gé e. Ẹ̀dọ̀ adìẹ tí ẹ sè jinná, ẹ fi fọ́ọ̀kì rún un sínú ẹbẹ. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ náà, ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, torí ewé gígùn máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun. Ẹyin, kó jinná, funfun àti pupa rẹ̀.

Iyọ̀, ṣúgà àti Màgí, ẹ fi sílẹ̀ fún ìkòkò tiyín. Ẹ bu ti ọmọ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó fi wọ́n sí i. Edé lílọ̀ á fún un ládùn tó tó. Oyin, rárá, àfi tó bá pé ọdún 1, kódà kó jẹ́ oyin ìgbẹ́ tí bàbá yín fọwọ́ ara rẹ̀ gé wá.

Odidi ẹ̀pà, gúgúrú, àgbàdo sísè tí a yìn, kárọ́ọ̀tì tútù àti kóró àgbálùmọ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá. Ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná tí a pò mọ́ ògì kò burú, ó tilẹ̀ dára. Ẹran náà, lílọ̀ tàbí rírún ni. Àwọn kan máa ń fi ègé ẹran sí ọmọ lẹ́nu kó máa fà á mu. Èmi ò ní fi ìyẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kí n kọjú síbòmíràn.

Ìyá Tire, Adó-Èkìtì

Mo se ẹbẹ lánàá bí Yèyé ṣe wí. Ó tu ú, ó sì fi èyí tó kù pa irun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè ló gbà mí, ó fúnra rẹ̀ dì í mú, ó sì fà á mu títí ó fi fọ́ sí i lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ bóyá kankan wọ ikùn.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Èyí tó pa mọ́ irun náà, ó ti fọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ tún gbé ẹbẹ wá lọ́tunla, díẹ̀, ẹ má fi ojú hàn pé ó dùn yín. Ọmọ mìíràn lè kọ oúnjẹ kan nígbà 10 kó tó gbà á. Ẹ jẹ tiyín níwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi ẹnu rún un kó rí i. Kí ebi máa pa á díẹ̀ àmọ́ kó má pa á débi tó máa bínú. Ọmú lè tẹ̀ lé e. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ó yí ara rẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ọmọ Ìyìn

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí oúnjẹ ọmọ tèmi ti ki ni ìgbẹ́ rẹ̀ ti le, ó sì máa ń fún ara. Mo tún rí èèpo ẹ̀wà nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìlawẹ̀

Èèpo ẹ̀wà kì í ṣe nǹkan, inú rẹ̀ ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ni. Ti ìgbẹ́ líle, ẹ máa fi ife kékeré fún un lómi mímọ́ tó bá ń jẹun, kẹ́ ẹ sì máa fún un ní ìbẹ́pẹ. Ẹ má fún un ní àgbo. Tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ tàbí tí ikùn bá wú, ẹ gbé e wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún gbogbo yín: oṣù 6 sí 8, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, láti oṣù 9, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú ìpápánu díẹ̀ láàárín. Tí ẹ bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ oṣù 9, ti èéyi àti ibà apọ́njú, ẹ sọ ohun tó ń jẹ fún wa, ẹ má dúró kí a bi yín. Ọmọ tó ń wúkọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá jẹun, tí oúnjẹ ń gba imú rẹ̀ jáde, tí ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, tàbí tó kọjá oṣù 10 tí kò gba ohunkóhun àfi èyí tó ń ṣàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù mọ́. Àwọn dókítà ọmọdé wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Adó àti ní Ìdó.

Àǹtí Kírẹ̀ṣì, Adó-Èkìtì

Ẹ jẹ́ kí n bẹ ẹ̀yin ìyá. Ẹ má gé orí fídà láti fi ògì kíki sínú rẹ̀ fún wa. Ọmọ á kàn máa fà á mu, a ò sì mọ iye tó ń já bọ́ lọ́fun rẹ̀. Abọ́ àti ṣíbí ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé bóyá fífi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ni àbí gígé, torí tí ẹ ò bá kọ ọ́, àwọn ọmọge tó ń bá wa ṣiṣẹ́ á bu omi sí i kó lè yá. Inú fúláàsì ni kí oúnjẹ wà, kó gbóná dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tí ṣíbí ọmọ ti wọ̀, tí ó kù, a máa dà á nù ni, ẹ má bi wá léèrè rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Bàbá Ìfàkì

Ó dáa, mo ti gba ti iyán. Iyàwó mi ní kí n ra ẹja bọ̀ láti ọjà. Èwo ni egungun rẹ̀ kò ní fún wa ní wàhálà?

Ìyá Olóúnjẹ, Ìjerò

Ẹja àrọ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Egungun rẹ̀ tóbi, ojú rí i. Ṣáwá dùn, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kéré bí irun, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ara yín. Tí àrọ̀ bá jinná, ẹ tú u sínú abọ́ funfun, ẹ fi ìka yín yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ìka ń rí ohun tí ojú fo. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á bá yín yọ ìfun rẹ̀ ní ọjà níbẹ̀, kẹ́ ẹ má gbé iṣẹ́ wálé fún ìyàwó.